Orúkọ Ìyá Mùrí

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì

Inú ṣì ń bí mi. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ Ìyá Mùrí ò tíì pé, Ìyá Àdínnì, olórí wa, ti ní kí n yọ orúkọ wọn kúrò nínú lísìtì ẹgbẹ́ àsàlátù, nítorí ọ̀la la máa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, mo wá "Ìyá Mùrí", kò sí. Orúkọ tí kálukú kọ sí fọ́ọ̀mù ni akọ̀wé tó ṣáájú mi tẹ̀ síbẹ̀. Mo bá pe Ìyá Àdínnì, mo ní kí lorúkọ wọn gan-an.

"Ìyá Mùrí náà ni. Ta ló ń pe àgbàlagbà lórúkọ? Ṣáà bá wa yọ ọ́."

Ẹ̀wà mi ti ń jóná nígbà yẹn.

Nọ́ńbà fóònù wọn ni mo fi wá a rí. Rábíátù Àbẹ̀kẹ́, Pópó Yemọja.

Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n bá mi pọ̀n kí n lè ráyè kírun. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ wọn, òní náà ni mo fọwọ́ ara mi pa á rẹ́.