Bí Mo Ṣe Jẹ́wọ́ Ihò Keje

                                                  Ilé Olùtọ́jú Pápá,
                                                  Ẹ̀yìn Ọgbà Gọ́ọ̀fù.
                                                  Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Orúnkún ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn ilé yẹn láìjókòó sinmi ní ìdajì? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà nígbà tí ìròyìn bá ń lọ? Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ kí yín tọkàntọkàn kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, torí ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ mí lára, mo lè gbàgbé òun. A dúpẹ́, ara wa le. Ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí náà ti ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu díẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú pé mi ò fèsì lẹ́tà yín láti oṣù méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ọ̀rọ̀ pápá yìí ló gbà mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ kọ ìdajì rẹ̀ sí yín. Ó ti parí báyìí, ó sì parí síre.

Gọ́ọ̀fù tí ẹ máa ń pè ní eré àwọn àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá wá ẹyin nínú igbó, ihò méjìdínlógún ló ní. Ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà, a máa ń gé koríko ibẹ̀ kó kúrú bí irun orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ibẹ̀ là ń pè ní gíríìnì. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tọ́jú wọn. Pápá náà fúnra rẹ̀ ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ìjọba ìlú ló sì ni ín. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọ̀pá lè wọlé, ì báà jẹ́ adájọ́, ì báà jẹ́ káfíńtà.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ìjọba gbé e jáde pé àwọn fẹ́ yọ apá ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, láti ihò keje dé ìkẹsàn-án, kí wọ́n kọ́ ogójì ilé síbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rílé gbé. Ni ariwo bá ta. Dókítà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kó àwọn tí kò fẹ́ sòdí. Ọkùnrin yìí ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbí láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló dúró ti ìyàwó mi nígbà tí àìsàn ọdún náà lọ́hùn-ún dá a wó sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ogún ni pápá náà, pé kò sí ibòmíràn tí káfíńtà àti adájọ́ ti ń tò sórí ìlà kan náà, àti pé bí a bá gé apá kan lónìí, wọ́n á padà wá gba ìyókù lọ́la. Ọ̀rọ̀ gidi ni.

Ta ni ẹ wá rò pé ó kó àwọn tó fẹ́ ilé sòdí? Ọmọ yín ni! Àkọ́bí mi, tíṣà. Ẹ mọ ibi tí òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ń gbé: yàrá kan àti ààbọ̀ lókè ṣọ́ọ̀bù fọganáísà. Bí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, abọ́ á máa jó lórí tábìlì. Orí àtẹ̀gùn ni ọmọ kejì ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé àwọn tó ń wá ilé. Ọ̀rọ̀ gidi ni tiẹ̀ náà. Ó ní òun kò kórìíra koríko, ṣùgbọ́n koríko ní ibi tó ń sùn, ọmọ òun kò ní.

Mo bá a jà, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ní ṣé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ rán an nílé-ìwé ló wá fẹ́ wú. Òun náà kò dákẹ́, ó ní, "Bàbá, koríko lẹ ń gé. Níbo ni wọn ò ti ń gé koríko?" Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí dé eegun. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àwọn ọmọ nìkan ló ń wọlé kí wa lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá wọn á dúró lẹ́nu géètì, á ní òun ń kánjú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó mi. Òfin ìlú ni pé ohunkóhun tó bá ṣì wà bí ẹni tó kọ́kọ́ ya pápá náà ṣe ṣe é, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án kò sí nínú èyí. Gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n tún wọn ṣe nígbà tí wọ́n fẹ títì. Ìkeje nìkan ló kù, àárín gbùngbùn ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ló sì wà. Bí wọn kò bá lè wú u, kò sí ilé. Ìkeje yìí sì ni ẹwà gbogbo pápá náà. Ó rọra tẹ̀ sí òsì, ó wá gbéra díẹ̀ níwájú ihò, débi pé bọ́ọ̀lù tí o rò pé ó ń lọ tààrà yóò yà bàrá bí ẹni tó rántí pé òun gbé nǹkan kaná sílé. Àwọn àlejò máa ń wá ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ wo ọgbọ́n àwọn ará àtijọ́.

Ará àtijọ́ kọ́ ló ṣe é. Èmi ni.

Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, lásìkò tí wọ́n ti pápá pa nítorí iṣẹ́ títì yẹn, páìpù omi ńlá tó gba abẹ́ ìkeje bẹ́. Omi kó gíríìnì àtijọ́ lọ ráúráú, ó ku kòtò àti ẹrẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ omi yí páìpù wọn gba ibòmíràn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọ̀gá mi nígbà náà, olóògbé tí gbogbo wa ń pè ní Má-Tẹ̀-Ẹ́ nítorí igbe tó máa ń ké mọ́ gbogbo ènìyàn, wo kòtò, ó wò mí, ó ní, "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àwa méjèèjì ti lọ nìyẹn. Ṣe é bó o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, kó o sì pa ẹnu ẹ mọ́." Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é. Mo to òkúta wẹ́wẹ́, mo fi páìpù rọ́bà dúdú sábẹ́ kí omi lè máa rí ọ̀nà sá, mo jọ iyanrìn, mo gbin koríko ní ìdì kéékèèké lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rántí bí ti tẹ́lẹ̀ ṣe rí dáadáa, inú orí ara mi ni mo ti yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí pápá, Dókítà ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ó mirí, ó ní ọwọ́ àgbà kì í parẹ́. Èmi àti Má-Tẹ̀-Ẹ́ ò wo ojú ara wa títí a fi dé yàrá irinṣẹ́, níbi tí a ti rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá.

Ìpàdé gbogbogbò wá kù sí ọ̀la, ni Dókítà bá wá bá mi. Ó ní nítorí pé èmi ni mo pẹ́ jù níbẹ̀, wọ́n á bi mí bóyá ohunkóhun ti yí padà ní ìkeje, kí n ṣáà ti ní rárá. Mo gbà. Ìyàwó mi ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ní ìkeje náà, ọmọ mi ni. Kò mọ ohun tí mo ń sọ, ó kàn pòṣé.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Ẹ bá rí bí àwọn ènìyàn ńlá ṣe jókòó sórí àga ọmọdé, tí orúnkún wọn ń kàn wọ́n ní àgbọ̀n! Obìnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń mójú tó ohun àtijọ́ ló ṣe alága. Awò ojú méjì ló ní, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Ọmọ yín sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ débi pé orí mi wú, bí mo tilẹ̀ ń bínú. Lẹ́yìn náà ni Dókítà gbé fọ́tò ìkeje kọ́ sára ògiri, ó ń fi igi tọ́ka sí i. Ó ní, "Ẹ wo bó ṣe tẹ̀. Ọlọ́pọlọ pípé ló ṣe èyí. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé. Àwọn òṣìṣẹ́ wa ń gbìyànjú o, ṣùgbọ́n gígé ni wọ́n mọ̀ ọ́n gé." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

Alága pè mí. Ó bi mí bóyá ohunkóhun ti yí padà ní ìkeje láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Mo dìde, mo la ẹnu láti ní rárá. Ohun tó jáde ni, "Èmi ni mo ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òtítọ́ ló ń gùn mí. Ìgbéraga ni. Ọmọ mi ní koríko ni mò ń gé, Dókítà ní koríko ni mò ń gé, ohun tó dára jù tí mo fọwọ́ ara mi ṣe láyé sì wà lára ògiri níwájú mi, tí wọ́n ń fi yin ẹni tó ti kú. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́ kí n tó mọ̀ pé mo jù ú sílẹ̀. Ìgbà tí mo jókòó ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mo ti fi ẹnu ara mi ní kí wọ́n wú u.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé kò sí ẹni tó gbà mí gbọ́! Dókítà ní nítorí ọmọ mi ni mo ṣe ń parọ́. Àwọn kan pariwo. Ọmọ yín náà dìde, omi ti lé sí i lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́ nítorí tèmi. Mi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀." Ṣé ẹ rí ayé mi? Fún ọdún méjìlá mo parọ́, gbogbo wọn gbà. Mo wá sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mo di òpùrọ́. Inú bí mi. Mo ní ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó bá mi dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, èmi á mú ṣọ́bìrì dání.

Wọ́n wá, bí ogójì. Mo gbẹ́ ẹ ní igun, níbi tí kò ti ní hàn jù. Nígbà tó jìn tó ìgùnpá, páìpù dúdú yọjú. Alága bẹ̀rẹ̀, ó fi áńkáṣífù nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó fa awò ti orí wálẹ̀, ó sì ka ọdún tí wọ́n ṣe é, tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ gàdàgbà: ọdún méjìlá sẹ́yìn gan-an ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ogún. Dókítà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó wo inú ihò náà pẹ́. Ó dìde, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èsì jáde. Ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn mọ́, ìyẹn ni pé iṣẹ́ mi wà títí n ó fi fẹ̀yìn tì. Apá ìsàlẹ̀ di ilé. Ọmọ yín ni ìkọkànlá nínú àwọn ogójì tó máa gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń kùn, wọ́n ní àwọn á máa gbá mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè pé. Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í wú u. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi fúnra mi kọ́kọ́ ká koríko ìkeje kúrò kí katakata tó dé, wọ́n sì gbà.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí lónìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Mo ń gé ìkeje lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìdí tí mo fi ń gé e, nígbà tí ọmọ yín dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ ni mo rí Dókítà tó ń bọ̀, òun tí kò kí mi láti ọjọ́ ṣọ́bìrì. Ó dúró, ó na ọ̀pá rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù kan sí mi. Ó ní, "O ò gbá a níbí rí, àbí?" Mo ní rárá. Lóòótọ́, mi ò gbá a rí. Ó ní, "Gbá a."

Mo gbá a. Ó lọ tààrà, ó dé ibi tó ti tẹ̀ sí òsì, ó yà bàrá, ó kọjá létí ihò báyìí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó mú èmi tí mo ṣe é! Dókítà bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká, ó ní, "Olè! Ó ti ń mú mi bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjìlá." Àwa méjèèjì wá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọmọ yín bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti etí kan dé èkejì, jẹ́jẹ́, ó wá dúró níbi tó ti gbéra yẹn. Ó ní, "Bàbá, ṣé wọn ò lè kọ́ àwọn ilé náà yí i ká ni?"

Òun tó ní kí wọ́n wú u! Mo bi í pé níbo ni òun fẹ́ wá sùn. Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì dì mọ́ mi, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé n ò ní lè ti ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ yẹn lọ́la. N ó ti í bọ̀ ọ́. Wọ́n ti mọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ fún wọn pé rédíò kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú orúnkún yín, kí ẹ lè wá wo ilé ọmọ yín nígbà tó bá dúró.

                                                  Èmi ni tiyín, àbúrò yín tí kò lè pa ẹnu mọ́,
                                                  Oníkoríko.