Ta Ló Ń Kó Ẹyin Mi?

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Àkàngbé,
Ìpọ̀nrí, Sùúrùlérè,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 1975.

Àǹtí Rosaline mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara yín le? Òtútù Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Ṣé bàbá àwọn ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ ibà? Èmi náà wà. Oyún ti pé oṣù méje.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kọ̀wé pé kí n la ojú mi sílẹ̀, pé ìfura loògùn àgbà. Àǹtí, mo là á dáadáa. Nọ́ọ̀sì ọsibítù ti ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, kí n máa jẹ ẹyin lójoojúmọ́, torí ẹ̀mí èmi àti ọmọ. Ẹ sì mọ̀ pé oyún kan ti bàjẹ́ lára mi rí. Nígbà tí Ìyá gbọ́, wọ́n ní, "Ẹyin kẹ̀? Aboyún tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò bí!"

Mo ra ẹyin méjìlá ní Sábó. Mo se ọ̀kan, mo jẹ ẹ́, mo sì bì í lójú Ìyá. Láti ọjọ́ náà ni ẹyin ti ń dín ní kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mú bíírò pupa tí mo fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sàmì sára èyí tó kù. Theophilus ọkọ mi búra pé òun kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni mo rí èèpo tó ní àmì mi nínú ìdọ̀tí, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e pamọ́. Ọwọ́ Ìyá ni. Kí ni wọ́n ń fi ẹyin ṣe tó fi di ohun à ń bò mọ́lẹ̀?

Ẹ̀rù bà mí gidi. Láràárọ̀, Ìyá á gbé mọ́ínmọ́ín fún mi, wọ́n á sì máa wo ẹnu mi. N kò fẹ́ràn ìwò yẹn. Mo máa ń ní mo fẹ́ gbé e lọ síléèwé, màá sì yà sí yàrá kejì, màá fún àwọn ọmọ Àmúdàtù, alájọgbélé wa. Mo rò pé oògùn tí wọ́n bá fi orúkọ mi ṣe kò lè mú ọmọ ọlọ́mọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Àmúdàtù wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá. "Mama, ẹ ṣé o. Mọ́ínmọ́ín tí Tíṣà ń kó fún àwọn ọmọ mi, ẹ wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ṣe kún!"

Ìyá wò mí títí. "Ìyàwó, ẹyin méjì ni mo ń lù sí i lójúmọ́; nígbà tí tìrẹ tán, mo ń fi owó mi ra òmíràn. Mo rí i pé ò ń bì í. Mo tún rò ó pé ẹni tó jẹ mọ́ínmọ́ín kò kúkú jẹ ẹyin. Ta ló máa wá pe ọmọ mi lólè?"

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò gòkè rárá. Àwọn ọmọ Àmúdàtù ló ń dán. Ìyá kò bá mi wí. Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín méjì síwájú mi, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo jẹ méjèèjì, mo lá ewé wọn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Àǹtí, oògùn àgbà tí ẹ fi ránṣẹ́, mo lò ó jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ló kù kí n bímọ. Bí ẹ bá máa fèsì, ẹ má kìlọ̀ ohunkóhun fún mi mọ́, àdúrà ni kí ẹ bá mi gbà.

Èmi ni àbúrò yín,
Mobọ́lá.