Mítà Àádọ́ta

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025
Ọyẹ́ ti la gbogbo ètè ní Parakou, ṣùgbọ́n ìlú ti ní ọkọ̀ òkun. Mo fojú ara mi rí i ní àdúgbò Titirou. Ara tírélà àtijọ́ tí kò ní táyà mọ́. Wọ́n kùn ún ní funfun àti búlúù, wọ́n ri òpó kan mọ́ ọn láàárín, wọ́n kọ ỌBA ÒKUN sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kútọnu ni òkun tó sún mọ́ ọn jù wà — irínwó kìlómítà ó lé. Ewúrẹ́ méjì sùn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn nìkan ni mo rí tí ọkọ̀ náà ń ṣe láǹfààní.

Sàlmànù ló ni ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òkun yìí. Ó ní kí gbogbo ayé máa pe òun ní Kọmándà. Èmi ń pè é ní Ọ̀gágun Omi-Gbígbẹ — inú ìwé yìí nìkan. Fàòsíyà ọmọ ọmọ mi wà lára kádẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjìlá. Ọmọ ogún ọdún. Láti kékeré ló ti ń ya ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Mo ti rò pé yóò dàgbà kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 22
Ìdánrawò. Fàòsíyà ló gba ipò kìíní, nítorí náà òun ló ń fọn fèrè tó sì ń pàṣẹ. Awwal, àbúrò bàbá rẹ̀, wà lára àwọn tó ń pàṣẹ fún. Fàòsíyà kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún un: "Ẹ̀gbọ́n Awwal, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fa okùn." Ọ̀gágun fò sókè pé kò sí ẹ̀gbọ́n lórí òkun! Awwal ní, "Tí a bá dé òkun, a ó rí i." Lẹ́yìn náà ló tó fa okùn. Ó rọra fà á.

Ọjọ́bọ̀, 23
Wọ́n kọ́ wọn ní odò wíwẹ̀ lónìí. Lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n ń ju apá ju ẹsẹ̀, eruku ń sọ. Ẹnikẹ́ni kò rì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25
Ọ̀gágun wá sílé mi pẹ̀lú aṣọ funfun àti fìlà olórí góòlù. Lẹ́tà ti dé láti Kútọnu: ọkọ̀ gidi tí àwọn ọmọ yóò fi kọ́ṣẹ́ ń gbéra ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá, tí àgbà kan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé kọ, pé ó lè wẹ odò ní mítà àádọ́ta.

Orúkọ tí wọ́n ń pe olùkọ́ níbí ló fi pè mí: "Mètírù, ìdajì àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ìlú yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn. Tí wọ́n bá rí ìkọ̀wé yín, ta ni yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò? Méjìlá péré ni."

Ó gbé ìkọ̀wé mi ga títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n láti ọdún tó kọjá. Mo ní ohun tí mo bá rí ni n óò kọ. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè fún òṣùpá: "Kí lẹ fẹ́ rí, Mètírù? Omi dà?"

Ọjọ́ Àìkú, 26
Mo lọ wo odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n ń sá aṣọ ìbùsùn sínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28
Mo rí Súbérù, apẹja ará Dẹndi kan, létí odò Okpara. Ó gbà láti kọ́ àwọn ọmọ. Mọ́kànlá nínú wọn ní bẹ́ǹṣì ti tó àwọn. Fàòsíyà nìkan ló bá mi lọ. Súbérù so okùn mọ́ ọn níbàdí. Èmi jókòó lábẹ́ agboòrùn, mo ń gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Súbérù ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wọlé." Mo ní mo ní ìwé láti kà. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín nínú omi: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o. Omi garawa ni Bàbá mi mọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé
Mítà méje. Ó mu èyí tó kù.

Ọjọ́rú, 12
Mọ́kànlélógún. Ó bínú pé kò pọ̀. Ó jẹ iyán àwo méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ọjọ́ ìdánwò. Súbérù wọn okùn, ó ri igi méjì mọ́lẹ̀, mítà àádọ́ta láàárín wọn. Ọmọ náà lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó wú ikọ́, ó di ọkọ̀ Súbérù mú. Méjìdínlógójì.

Mo kọ méjìdínlógójì.

"Bàbá, ẹ kọ àádọ́ta. Ẹ jọ̀ọ́. Mo máa kọ́ èyí tó kù lọ́hùn-ún." Mo ní òkun kì í gba èyí tó kù. Gbólóhùn náà dùn létí mi. Kò dùn létí rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ọ̀gágun ti rí ẹlòmíràn tó kọ ìwé mọ́kànlá, àádọ́ta-àádọ́ta. Fàòsíyà gbé ọbẹ̀ síwájú mi, kò ní kí n jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 17
Fàòsíyà bá àwọn yòókù wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kútọnu. Ó kúnlẹ̀, ó gba àpòòwé tí mo fi ìwé méjìdínlógójì náà sí lọ́wọ́ mi. Kò wo ojú mi.

Ọjọ́rú, 19
Jẹ̀mílà ọmọ mi, tí Fàòsíyà dé sílé rẹ̀ ní Kútọnu, fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ó ní ọ̀gá ọkọ̀ yin ìkọ̀wé náà gidigidi. Mo gbé fóònù lọ sí mọ́ṣáláṣí Ladjifarani, mo fi han ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Tìjáànì ọ̀rẹ́ mi ní, "Ọwọ́ Mètírù yìí! Kò gbọ̀n rárá!" Mo dúpẹ́. Mo tún fi hàn án lẹ́ẹ̀kejì.

Mo délé, mo wọ awò ojú mi. Àádọ́ta ló wà níbẹ̀.

Lóòótọ́ kò gbọ̀n. Kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọwọ́ tí mo kọ́ Fàòsíyà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ni, pẹ̀lú rúlà, títí lẹ́tà rẹ̀ fi jọ tèmi.

Ọjọ́bọ̀, 20
Nọ́ńbà ọ̀gá ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tí Ọ̀gágun fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Tí mo bá dákẹ́ — láti méjìdínlógójì dé àádọ́ta, mítà méjìlá ni. Mítà méjìlá tó ènìyàn rì.

Fàòsíyà ló pè kí n tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ọ̀gá ọkọ̀ ti to àwọn kádẹ́ẹ̀tì sétí omi láàárọ̀. Ó ní òun kò gba ìwé ẹnikẹ́ni gbọ́, kí wọ́n wọlé. Awwal di àkàsọ̀ mú, ó béèrè bóyá bẹ́ǹṣì wà. Mẹ́wàá tó kù wo ẹsẹ̀ ara wọn. Fàòsíyà ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo kọ ìwé mi fúnra mi." Ó yọ ojúlówó tí èmi kọ jáde nínú àpò. Kò ya á. Ọ̀gá náà kà á, ó ní, "Ó dáa. Wọlé."

"Mélòó?"
"Mẹ́tàdínláàádọ́ta, Bàbá."
"Ta ló kà á?"
"Ọ̀gá ọkọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."
Mo ní ìlà lẹ́tà rẹ̀ nínú ìwé tó fi orúkọ mi kọ yẹn ti gùn jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Ọkọ̀ gbéra ní agogo mẹ́wàá. Kò sí ará Parakou kankan nínú rẹ̀. Fàòsíyà ya fọ́tò ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí ó padà wá ní oṣù kẹfà. Kò bọ̀ wálé. Ó ní omi ibẹ̀ pọ̀ ju ti Súbérù lọ, òun yóò máa wọ̀ ọ́ láràárọ̀.

Ọ̀gágun ń sọ káàkiri pé kádẹ́ẹ̀tì òun ti bọ́ sí ìpele kejì. Àwọn ewúrẹ́ ti gun orí ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24
Fàòsíyà pè láàárọ̀: "Bàbá, mo ti sọ iye mítà tèmi. Tiyín ńkọ́?"

Mo lọ sí Okpara. Súbérù kò béèrè nǹkan kan, ó kàn so okùn mọ́ mi níbàdí. Omi tutù. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, pẹ̀lú ṣòkòtò ìsùn. Súbérù pariwo pé mítà márùn-ún ni, kí n kọ márùn-ún.

Mẹ́rin ni.