Bọ́ọ̀lù Bàbá Ẹ̀sọ̀ Wà Lápò Mi, Saturday Sì Ti Ń Bọ̀

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi jáde o. Mo ti jí nǹkan bàbá arúgbó kan. Kì í ṣe owó, kì í ṣe fóònù… ayọ̀ tí bàbá yẹn ti ń wá kí wọ́n tó bí mi ni mo jí, ó sì wà nínú àpò ṣòkòtò mi bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Saturday tó ń bọ̀ yìí ni gbogbo ẹ̀ máa parí, orí mi sì ti dàrú. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà lórí page yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ má fò ó, mo mọ̀ pé ó gùn.

Ladi-Lak ni mo ń gbé, ní Bariga. Iṣẹ́ kádì ni mo ń ṣe, àwa tá a máa ń gbé báàgì igi gọ́ọ̀fù tẹ̀lé àwọn ọ̀gá kiri pápá, tá a máa ń wá bọ́ọ̀lù wọn tó bá sọnù, tá a máa ń sọ fún wọn pé sir, igi báyìí ni kẹ́ ẹ fi gbá a. Mo fi SS2 sílẹ̀ torí ìjókòó ilé ìwé ò bá mi lára mu, nǹkan tó bá ti ń fà, orí mi á ti gbóná. Àmọ́ iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n, kí n má parọ́ fún yín. Láti Bariga dé Palmgrove, ẹ béèrè, kò sí kádì tó yá bíi tèmi. Bọ́ọ̀lù ò tíì balẹ̀ tán tí mo ti mọ ibi tó máa sùn sí. Sharp-Sharp ni wọ́n ń pè mí, kì í ṣe èmi ni mo fún ara mi lórúkọ yẹn o, àwọn èèyàn ló fún mi… Sharp-Sharp yẹn ló kó bá mi báyìí.

Club méjì ni mo ti ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ. Ọ̀kan wà lọ́hùn-ún ní Island. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ pè ní eré! Àwọn member ibẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jóná. Wọ́n á gbá a báyìí, wọ́n á bẹ́ sínú ọkọ̀ kékeré, fóònù á wà létí, kó o tó ṣẹ́jú wọ́n ti dé ibi tó kàn. Tí àwọn kan bá wá ń fa ẹsẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń wa ọkọ̀ kiri pápá, á ní kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn kọjá, ìtìjú ńlá nìyẹn fún member. Mo gbádùn ibẹ̀ gan-an. Àmọ́ ọjọ́ kan mo pòṣé sí ọ̀gá kan pé ó ń pẹ́ jù, bí wọ́n ṣe lé mi nìyẹn. Ní ibi tí wọ́n ti ń sáré tó bẹ́ẹ̀ yẹn, èmi ṣì rí ẹni tó ń pẹ́ jù lójú mi, ẹ ẹ̀ rí i bí mo ṣe yá tó? Nǹkan kan ṣáá ni pé kò sí ẹni tó mọ orúkọ ẹ níbẹ̀. Caddie! Hey! Tí wọ́n bá ti gbá a tán, ó tán nìyẹn.

Ìkejì ni ti mainland tiwa níbí, níbi tí mo wà báyìí. Ha! Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ló kún ibẹ̀. Wọ́n á kí ara wọn láti orí ilé dórí ọmọ, láti orí ọmọ dórí orúnkún tó ń dun wọ́n. Ẹnì kan á dúró ti bọ́ọ̀lù, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ bí òun ṣe ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú. Tí bọ́ọ̀lù bá sún mọ́ ihò tó ku kí wọ́n rọra tì í wọlé, wọ́n á wolẹ̀, wọ́n á wòkè, ọ̀kan á ní Bismillah, èkejì á ní in Jesus name, bọ́ọ̀lù á sì tún yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò lọ. Èmi á ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Àmọ́ àwọn bàbá yìí á béèrè màmá ẹ o. Wọ́n á ní ṣé o ti jẹun kó o tó jáde nílé…

Èyí tó wá falẹ̀ jù nínú gbogbo wọn ni ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bàbá Ẹ̀sọ̀, torí kì í kánjú láyé ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló yàn mí, kì í jẹ́ kí kádì mìíràn fọwọ́ kan báàgì òun. Ìlàjẹ ni, ọmọ apẹja, màmá tèmi náà Ìlàjẹ, ẹja gbígbẹ ló ń tà ní Bariga, torí náà Bàbá máa ń fi èdè wọn bá mi sọ̀rọ̀, èmi á fi Yorùbá Èkó dá a lóhùn, á bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù ló máa ń sàmì sára bọ́ọ̀lù ẹ̀ kó má bàa gbá ti ẹlòmíràn. Tiẹ̀, ẹja kékeré ló máa ń fi biro pupa yà sí i, láti ilé ló ti máa ń yà á sára gbogbo wọn. Ó ní ọkọ̀ ojú omi bàbá òun ní ẹja bẹ́ẹ̀ níwájú.

Nǹkan kan ló kù tí Bàbá ń wá nínú eré yìí. Kí òun gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré láti ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kó wọ ihò tààrà. Hole-in-one ni wọ́n ń pè é. Èèyàn lè gbá gọ́ọ̀fù títí tó fi máa kú, kó má rí i. Ẹni tó bá rí i, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sára pátákó nínú club, gbogbo ilé á dìde fún un. Gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ti rí tiwọn. Alhaji tí wọ́n jọ ń gbá a kò jẹ́ kó sinmi, ojoojúmọ́ ló ń sọ fún un pé, ìwọ Ẹ̀sọ̀, ẹja tìẹ ò mọ̀wẹ̀! Bàbá á ní ó máa wẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ wá gbọ́ àṣà tí bàbá yìí ní. Tá a bá gbá ihò tó kúrú, tí a ò sì rí bọ́ọ̀lù ẹ̀, gbogbo èèyàn á ti máa wọ igbó lọ wá a, òun á rọra gun orí koríko tí ihò wà, á bẹ̀rẹ̀, á yọjú sínú ihò. Á ní kó o tó wo igbó, kọ́kọ́ wo ihò. Nígbà gbogbo! Wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi, kí n sọ òótọ́, mo kórìíra ìyọjú yẹn ju ohunkóhun lọ, ó ń jẹ àkókò wa lásán ni… bí mo ṣe rò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Friday kan ní Ṣómólú. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wa kan tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó la máa ń jókòó sí, a máa ń fi àjákù pépà ṣe ìjókòó. Dudu wà níbẹ̀, kádì ni ní Island, a jọ dàgbà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹnu ẹ̀. Ó ní àwọn ní tiwọn, eré ni wọ́n ń sá, ó ní àwa tá a wà ní mainland kì í ṣe kádì, a kàn ń tẹ̀ lé òkú lọ sí ibojì ni, báàgì tá a gbé kọ́ èjìká, pósí ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín wó lulẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo ní láàárọ̀ ọ̀la, pẹ̀lú Bàbá Ẹ̀sọ̀ yìí náà, a máa parí ká tó gbọ́ pé ẹ̀yin parí. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Mo ti lanu sọ ọ́ nìyẹn.

Saturday yẹn, mo ń lé àwọn bàbá yìí bí adìyẹ. Mẹ́ta ni wọ́n, Bàbá Ẹ̀sọ̀, Alhaji àti Engineer kan tó máa ń tòògbé lórí ìdúró. Mo ti ń fa igi yọ kí Bàbá tó na ọwọ́. Bàbá béèrè pé ṣé kò sí, ṣé inú ń run mí ni? Nígbà tá a fi dé ihò keje, àwọn ọmọkùnrin kan ti dé ẹ̀yìn wa, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ń pariwo pé daddies, ẹ̀ bá jẹ́ ká kọjá. Ihò keje yẹn kúrú, àmọ́ orí òkìtì ló wà. Tó o bá wà nísàlẹ̀, àsíá tó dúró nínú ihò nìkan lo máa rí, o ò lè rí ihò. Igbó wà lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá gbá a… ó dáa o! Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ àsíá, ó bọ́ sórí òkìtì, a ò rí i mọ́. Alhaji ní ó ti wọ igbó. Bàbá ní ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná.

Mo sáré gòkè. Bọ́ọ̀lù Engineer àti ti Alhaji nìkan ni mo rí. Mo bojú wẹ̀yìn, àwọn bàbá yìí ṣì ń gun òkìtì bí ìgbín. Fóònù mi gbọ̀n, voice note Dudu ni, ó ní àwọn ti wà ní ihò kẹjọ, ó ní òkú tiyín ńkọ́, ṣé ẹ ti sin ín? Ẹ̀yin èèyàn mi… àpò òsì ṣòkòtò tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ó lu. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ lu ú. Àwa kádì mọ ìwà yìí, tí ọ̀gá bá sọ bọ́ọ̀lù nù, wàá ju òmíràn sínú àpò yẹn, á gba itan ẹ wálẹ̀ sínú koríko, o ò ní bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní rí ẹ. Àwọn tó ń ṣe é ń ṣe é kí ọ̀gá wọn lè jáwé olúborí. Èmi, torí kí nǹkan lè yá lásán ni! Mo mú ọ̀kan nínú àwọn tó ti ya ẹja sí nínú báàgì, mo jẹ́ kó bọ́ sí eteetí igbó, mo figbe bọnu, Daddy, mo ti rí i o! Bàbá ò tíì dé ìdí ihò nígbà yẹn. Ó gbọ́ pé mo ti rí i. Kò yọjú.

Ó gbá èyí tí mo jù sílẹ̀ yẹn, ó sún mọ́ àsíá, ó gbóríyìn fún mi, ó ní ojú mi mú. Iṣẹ́ kádì ni láti yọ àsíá. Mo lọ yọ ọ́… bọ́ọ̀lù kan jókòó sí ìsàlẹ̀ ihò. Ẹja pupa ń wò mí.

Ó wọ ihò. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ti wọ ihò kí n tó gun òkìtì. Bí mo bá yọjú bí Bàbá ṣe máa ń yọjú, tí gbogbo èèyàn á máa fi í rẹ́rìn-ín… Kí ni mo ṣe? Mo fi ọwọ́ bò ó, mo gbé e sínú àpò ọ̀tún tí kò lu. Torí tí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n á béèrè pé kí wá ni Bàbá gbá láti eteetí igbó? Kádì tí wọ́n bá mú pé ó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n ti lé e títí láé nìyẹn, ìròyìn ẹ̀ á sì dé club gbogbo. A parí ṣáájú Dudu. Òun alára pè mí pé mo gbìyànjú. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń mu omi, Alhaji tún ní ẹja Ẹ̀sọ̀ ò mọ̀wẹ̀, Bàbá tún ní ó máa wẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo rò pé mo máa gbàgbé ẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ojú Bàbá ti ń bàjẹ́, bọ́ọ̀lù gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Ọmọ ẹ̀ obìnrin fẹ́ wá mú un lọ sí òkè òkun, ibẹ̀ lá máa gbé. Saturday yìí ló fẹ́ gbá a kẹ́yìn. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní tí òun bá ti gbá a tán, òun máa fún mi ní gbogbo igi òun àti báàgì, kí n fi kọ́ eré, ó ní mo lè di pro. Ẹ mọ ìdí tó sọ? Ó ní torí mi ò sọ bọ́ọ̀lù òun nù rí!

Dudu nìkan ni mo sọ fún. Ó ní òmùgọ̀ ni mí, ó ní kí n gba inú àpò tó lu yẹn ju bọ́ọ̀lù náà padà sínú ihò keje lọ́jọ́ Saturday, kí n jẹ́ kí Bàbá fúnra ẹ̀ yọjú bá a. Ó ní kì í ṣe irọ́, ó kúkú wọlé lóòótọ́, ọjọ́ ló kàn yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lórí o… tó bá yá, ó tún jáde. Tí mo bá jẹ́wọ́ náà ńkọ́, ta ló máa gbà mí gbọ́? Gbogbo bọ́ọ̀lù ẹ̀ ló ní ẹja. Wọ́n á ní ọ̀lẹ tó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ló tún wá ń pa ìtàn hole-in-one. Bàbá alára lè má gbà, á kàn máa wò mí. Mi ò lè gba ìwò yẹn. Tí mo bá sì dákẹ́, ó máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, á máa rò pé ẹja òun ò mọ̀wẹ̀ títí tó fi máa kú, èmi á sì máa fi igi ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Irú igi wo nìyẹn?

Àná mo mú abẹ́rẹ́ màmá mi, mo rán àpò òsì yẹn. Láàárọ̀ yìí mo tún tú u. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rán an, mi ò mọ̀ bóyá kí n fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá nílé, tó bá jẹ́ bàbá yín ni, èwo lẹ máa fẹ́? Ṣé kó yọjú kó rí bọ́ọ̀lù ẹ̀ nínú ihò, kó lọ tayọ̀tayọ̀? Àbí kí n kúnlẹ̀ fún un kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí n fi bọ́ọ̀lù náà lé e lọ́wọ́, kí wọ́n lé mi? Ẹ máa bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń bú, àmọ́ ẹ sọ nǹkan kan fún mi. Láyé mi, mi ò tíì fẹ́ kí nǹkan kan fà rí… Saturday yìí nìkan ni mo ń bẹ̀ pé kó má yára dé.