Agbọ̀n Rẹ Ti Wọ Inú Àpò

Ẹlúyẹmí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé Ìbàdàn ò le jù? Olúwa tó sọ ọ́ di olùkọ́ yunifásítì kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́. Gbogbo wa ní Ọ̀yẹ́ níbí ń bẹ láàyè, kòkó bàbá rẹ ti ń gbẹ, ọyẹ́ ti dé, àárọ̀ funfun báyìí bí ẹni pé ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kọ̀, wọn ò kó iṣẹ́ wọn sínú àpò orí ayélujára tí o ṣí fún wọn, àti pé bí sáà yìí bá parí báyẹn, àwọn ọ̀gá yóò gba iṣẹ́ olùkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Ó dùn mí wọra. Mo bá bi Faith, ọmọ yunifásítì tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wa. Ó ní àwọn náà ní irú àpò bẹ́ẹ̀, ojú ló ń ti àwọn, pé olùkọ́ ní kí àwọn kó èyí tí kò dára pọ̀ mọ́ èyí tó dára, kí ó lè rí bí àwọn ṣe ń tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ kò fi tirẹ̀ han àwọn rí. Mo ní ọmọ yìí ò purọ́. Ṣebí nínú àáró tiwa níbí, olóko ló ń kọ́kọ́ kọ ebè kí àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́ tó gbé ọkọ́.

Ni mo bá ní kí ó ṣí àpò fún èmi náà. Mo gbé agbọ̀n tí o kọ́kọ́ hun ní kékeré sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, èyí tó wọ́ sápá kan tí ẹ̀gúsí ń gba ibẹ̀ dà sílẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, Faith ya fọ́tò èmi àti agbọ̀n, ó ní a ti wọ inú àpò. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ rọra gbé e, ó ti gbó. Ó rẹ́rìn-ín títí, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà n kò wọ aṣọ oko jókòó síwájú ilé mọ́, torí n kò mọ ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ lè ṣí àpò náà bá mi. Ní ìrọ̀lẹ́, màá máa wo ojú ọ̀nà, màá máa rò ó pé wọ́n ń gba agbọ̀n yẹn lọ́wọ́ ara wọn ní Ìbàdàn, inú mi á sì máa dùn bí ẹni ń lálàá.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún dátà. Faith ní láìsí i àpò ò ní ṣí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n ti èmi àti agbọ̀n mọ́nú ibẹ̀.

Fi tìrẹ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kí o tó béèrè tiwọn. Ọlọ́run á fi wọ́n ṣe ayọ̀ rẹ. Faith bi mí pé kí ni kí òun kọ sábẹ́ fọ́tò náà. Mo ní kí ó kọ ọ́ pé ọmọ mi ló hun ún, kò tíì mọ̀ ọ́n hun nígbà náà, mo sì ń lò ó títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí rẹ.