"A Ti Gbọ́" Kì Í Ṣe "A Ti Gbà"

Ọmọ mi àkọ́bí,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo nírètí pé àlàáfíà lẹ wà. Ara tèmi le koko, inú ló ń bí mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la gbọ́ òfin tuntun lórí rédíò: ẹni tí kò bá lè ra ẹgbẹ̀rún awọ lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ rà á mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá oníléeṣẹ́ ló gba ìjọba nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ìwọ náà wà nínú rẹ̀. Awọ mẹ́rin ni mò ń rà lóṣù. Ìwọ tó ni iléeṣẹ́ bàtà nìkan ló lè ra ẹgbẹ̀rún níbí. Àbí o rò pé ojú wa fọ́ ni?

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ní ẹgbẹ́ aṣebàtà ti fọwọ́ sí i. Ta ló fọwọ́ sí i? Ṣebí èmi ni alága! Mo rántí ọjọ́ tí o wá sí ṣọ́ọ̀bù, tí o fi kóòtù rẹ kọ́ ara ẹ̀rọ tí mo fi ń rán bàtà. O sọ̀rọ̀ títí lórí bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n máa ta awọ, gbogbo wa ń wò ọ́. Mo ní, "A ti gbọ́." O kọ nǹkan sínú ìwé, o dúpẹ́, o lọ. Ta ló kọ́ ọ pé "a ti gbọ́" ni "a ti gbà"? Nígbà tí o wà ní kékeré, tí ìyá rẹ bá ń bẹ̀ mí pé kí n má nà ọ́, kí ni mo máa ń sọ? "Mo ti gbọ́." Ṣé n kì í nà ọ́?

Láàárọ̀ òní, Baba Gìgísẹ̀ tí a jọ kọ́ṣẹ́ kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Ó ń sọ kiri pé mo ti tà wọ́n fún ọmọ mi. Ogójì ọdún la ti jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà.

Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti gbogbo ẹgbẹ́ ń lọ sí ọ́fíìsì mínísítà. Bí o bá ti fẹnu ara rẹ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kó tó dìgbà yẹn, ó dáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n óò sọ lójú gbogbo wọn pé irọ́ lo pa, n óò sì sọ pé èmi ni mo bí ọ. Ojú á tì mí, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ sọ òtítọ́ nípa rẹ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń dárúkọ rẹ.

Èmi ni baba tó bí ọ,
Alága Ẹgbẹ́ Aṣebàtà.

Mo tún fẹ́ kí o mọ̀: Ìyá rẹ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní kí n yọ àdúrà yẹn kúrò. Èmi ni mo ní kó wà níbẹ̀.