Àga Mẹ́ta Tó Kù ní Ẹkùn Ìdìbò Wa

Dympna ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Dublin níbẹ̀, iṣẹ́ ńkọ́, òtútù ńkọ́? Kí Màríà Wúndíá máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àwa náà wà. Màlúù dúdú ti bí, akọ ni, òjò ò sì jẹ́ ká rí koríko kó wọlé. Baba rẹ ṣì wà ní ọsibítù pẹ̀lú egungun ìbàdí tó kán, ṣùgbọ́n ó ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà, nítorí náà ara rẹ̀ ti ń yá.

Mo fẹ́ fi fóònù sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ, àmọ́ obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ní o kò sí nítòsí. Mo ti kí i títí, mo bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dá mi lóhùn rí. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ ilé wa létí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbò ni. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ́ baba rẹ, ilé Beirne ló máa ń dìbò fún, ilé Scanlon ni tèmi. Nígbà náà gbogbo káúńtì wa jẹ́ ẹkùn ìdìbò kan, àga márùn-ún la ní nílé aṣòfin, àwọn méjèèjì sì máa ń wọlé. Lórí ìwé ìbò màá kọ ení síwájú Scanlon tí mo fẹ́ kó wọlé jù, màá kọ èjì síwájú Beirne tó tẹ̀lé e kí ilé lè tòrò, òun náà á kọ tirẹ̀ bí ó ti fẹ́. Gbogbo ìgbà tí ìbò bá dé ló máa ń bẹ̀ mí pé kí n fún Beirne ní ení lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó kú. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín.

Ni wọ́n bá gé àwọn ará etí adágún kúrò lára wa, wọ́n fi wọ́n fún káúńtì kejì, àga wá ku mẹ́rin. Lọ́dún tí o gba Kòmúníọ̀ àkọ́kọ́ wọ́n dá wọn padà, wọ́n sì mú àwọn ará òkè lọ. Nísinsìnyí wọ́n ti tún ka èèyàn, wọ́n ní odò Owenbrack ni ààlà, ó ku mẹ́ta. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ààlà náà, mi ò rí nǹkan kan àfi màlúù Lavin aládùúgbò wa tó ń mumi ní apá méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò sì dá wọn dúró. Bí o bá rí àwọn tó fà á níbẹ̀ ní Dublin, sọ fún wọn pé wọ́n gbàgbé láti fi nǹkan sàmì sí i.

Àwọn ará ìlú ńlá ló máa ń gba àga méjì. Ẹyọ kan ló kù fún Ultan, ọmọ Beirne, àti Cathal Scanlon, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí nìyẹn tí baba rẹ, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, fi gun òpó iná ní oríta láti lọ so àwòrán Ultan kọ́, tó sì já bọ́. Àkàsọ̀ ìyá Cathal ló yá láti fi gùn ún. Àkàsọ̀ náà kán sí méjì.

Wọ́n ní aláìsàn lè dìbò láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo bá kọ fọ́ọ̀mù fún un. Wọ́n bèèrè ohun tó ń ṣe é, mo kọ ọ́ pé agídí ni. Wọ́n bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ pé mo bá a bẹ́ẹ̀ ni. Níbi tí dókítà á ti fọwọ́ sí i, èmi ni mo fọwọ́ sí i, torí èmi ni mò ń fún un lóògùn láti ọdún pípẹ́ wá. Wọ́n dá a padà, ọjọ́ sì ti kọjá. Baba rẹ ò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, “Attracta, ìbò tí mo fẹ́ dì jù láyé mi nìyẹn.” Ó kọjú sógiri.

Mo dé iléèwé lọ́jọ́ ìbò, mo mú pẹ́ńsù tí wọ́n so mọ́ okùn, mo dúró títí obìnrin tó jókòó síbẹ̀ fi ń wúkọ́. Mo kọ ení síwájú Ultan. Mo kọ èjì síwájú Cathal. Ó dùn mí wọnú egungun.

Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, Ultan fi ìbò méjì borí. Má wulẹ̀ bá mi ṣírò rẹ̀, mo ti ṣe é lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun: ká ní Cathal ni mo fún ní ení, wọn ì bá dọ́gba. Nígbà tí mo sọ fún baba rẹ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò jẹ́ kí n lọ títí wọ́n fi lé mi jáde.

Lọ́jọ́ Tuesday Cathal wá sílé. Ó jókòó sórí àga baba rẹ, ó ti rù. Ó ní, “Àǹtí, ẹni tó ní òun dìbò fún mi pọ̀ o, ṣùgbọ́n tiyín nìkan ló dá mi lójú, ni mo ṣe wá dúpẹ́.” Mo dín ẹyin méjì fún un. Mo tún dín ẹyọ kan sí i. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Jọ̀wọ́ fi ọgọ́rin yúrò ránṣẹ́ kí n fi ra àkàsọ̀ tuntun fún ìyá Cathal kí baba rẹ tó dé láti wá máa fọ́nnu kiri. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá obìnrin inú fóònù yẹn. Ọlọ́run á pèsè fún ọ, wàá rí ọkọ gidi fẹ́, ọwọ́ rẹ ò ní ṣófo. Kò sì ní fi ọ́ síbi tí wàá ti mú ọ̀kan nínú ẹni méjì tí o fẹ́ràn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Attracta